Ta Ló Lu Ìlù Yẹn? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹgbẹ́ Olórin, Rímíìsì àti Àríyá Òru

Gbogbo ẹ̀yin ará Ìbàràpá méje, ẹ̀yin tẹ ń gbọ́ wa ní Tápà níbí, ní Ayétẹ̀, ní Ìgàngán, ní Ìdèrè, ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà àti ní Lánlátẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ ń fi fóònù gbọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí ìkànnì padà, torí ọ̀rọ̀ tiyín ni mo gbé wá lálẹ́ yìí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí jẹnẹrétọ̀ ilé ọtí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orin kan wà tí gbogbo wa ń gbọ́, yálà a fẹ́ ẹ tàbí a kò fẹ́ ẹ. Ìlù rẹ̀ ń sáré gan-an. Ohùn onífújì sábà máa ń wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́. Á pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó bọ́ sórí èkejì. Fèrè á dún, ẹnì kan á pariwo orúkọ DJ, ìlù á dákẹ́ wẹ́lo, á sì tún já lulẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó ń pè é ní mara, àwọn kan ń pè é ní freebeat, àwọn mìíràn ní cruise ni. Àwọn àgbà máa ń bi mí pé, "Tíṣà, ṣé orin náà nìyí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, orin ni, ó sì ní ìran. Àwọn ọmọ tó ń jó o lèmi náà máa ń bi ní ìbéèrè tèmi: ta ló lu ìlù inú rẹ̀? Wọ́n mọ orúkọ DJ. Wọ́n mọ ijó rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n onílù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè yẹn ló jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ràn orin tuntun, mo fẹ́ràn rímíìsì, mo sì fẹ́ràn kí ìlú máa ṣe àríyá. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn máa rìn kiri ayé láìlórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé rímíìsì fún ẹni tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin bá wọ stúdíò, wọn kì í da gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan. Ìlù ní ojú tirẹ̀, gìtá ní tirẹ̀, akọrin ní tirẹ̀, àwọn agberin náà ní tiwọn. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ló ń pinnu èyí tó máa hàn síta àti èyí tó máa fara pamọ́. Bí ẹlòmíràn bá wá gba àwọn ojú wọ̀nyí lẹ́yìn náà, tó yọ gìtá kúrò, tó fi ìlù mìíràn sí i, tó jẹ́ kí ohùn akọrin máa lọ, kó máa bọ̀ lọ́nà tí kò gbà kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, rímíìsì ló ṣe yẹn. Bí kò bá rí àwọn ojú náà gbà, inú àwo tó ti jáde ló máa ti gé ibi tó wù ú, ohun tí àwọn ọmọ mara sì sábà ń ṣe nìyẹn.

Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, láti òpin àwọn ọdún 1960 wọ àwọn ọdún 1970. Ọ̀gá pátápátá nínú rẹ̀ ni Osbourne Ruddock, tí gbogbo ayé mọ̀ sí King Tubby. Orin kọ́ ni King Tubby fi ń jẹun níbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni títún rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe, irú iṣẹ́ tí àwọn arákùnrin wa ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ní Tápà àti Igbó-Ọrà. Nítorí pé ó mọ inú ẹ̀rọ, ó rí ohun tí olórin kò rí: pé a lè yọ ohùn akọrin kúrò, kí ìlù àti gìtá olóhùn ńlá máa dá rìn, kí gbohùngbohùn sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ní New York, Tom Moulton ṣe irú tirẹ̀ fún àwọn oníjó: ó na orin kúkúrú títí ó fi gùn, kí ijó má baà já lójú agbo. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn èèyàn báyìí ni iṣẹ́ rímíìsì ti dé Chicago, Detroit àti London, kó tó wá di ohun tí ọmọdékùnrin kan ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe nínú yàrá kan ní Agége ní Èkó. FL Studio ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ilẹ̀ Belgium ni wọ́n ti ṣe é, FruityLoops ló sì ń jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1997.

Ẹ wá wo ìdí tí àwọn ọmọ yìí fi ń mú ohùn onífújì ju ti ẹlòmíràn lọ. Inú wéré ni fújì ti jáde, orin ajísààrì tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí mùsùlùmí sí oúnjẹ sààrì nínú oṣù Ràmàdáànì. Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1948, wà lára àwọn tó ti inú rẹ̀ dàgbà. Òun ló sọ ọ́ ní fújì. Ó ní inú àwòrán kan ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti rí orúkọ òkè ńlá ilẹ̀ Japan, ó sì wu òun. Wéré kò ní gìtá, kò ní dùùrù. Ìlù ni, agogo ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, ohùn èèyàn ló kù. Bí fújì ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Kollington Àyìnlá, onífújì mìíràn, mú bàtá wọ inú tirẹ̀, ìgbà tó yá ni kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti fèrè òyìnbó wọlé. Fún ẹni tó ń ṣe bíìtì, ọrọ̀ ńlá ni èyí. Kò sí gìtá nínú àwo Barrister àtijọ́ tó máa bá kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ jà. Ó lè gbé ohùn náà ka orí ohun èlò èyíkéyìí tó bá fẹ́, wọ́n á sì bára mu. Lẹ́yìn náà, onífújì kì í kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní orí kásẹ́ẹ̀tì, kó má dúró títí ìhà kan á fi tán: á ṣàdúrà, á ki ẹni tó náwó fún un, á kìlọ̀, á dáhùn èébú ẹni tó bú u. Kò sí ibi tí a fi abẹ sí tí kò ní rí ohun tó dùn gé.

Báwọn àgbà bá ní àwọn ọmọ yìí ń ba fújì jẹ́, mo máa ń rán wọn létí pé bí fújì fúnra rẹ̀ ṣe dé nìyẹn. Barrister mú orin ajísààrì, ó mú àpàlà, ó mú sákárà, ó da ìlù wọn pọ̀, ó sì mú un jáde kúrò nínú oṣù ààwẹ̀ wá sí òde ìnáwó. Àwọn kan bínú sí i nígbà náà pẹ̀lú.

Kó tó di pé DJ gba òru, ẹgbẹ́ olórin ló ni ín. Ní Ìbàdàn, ní àkókò tí a ń gba òmìnira, Eddy Okonta àti àwọn Top Aces rẹ̀ ló ń fi fèrè dá Paradise Club lára yá. Ní Èkó, Bobby Benson ní Caban Bamboo tirẹ̀. Victor Ọláìyá náà ní Stadium Hotel ní Sùúrùlérè nígbà tó yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn. Okonta ń lù nínú ilé ẹlòmíràn, Benson àti Ọláìyá ń lù nínú ilé ara wọn. Ọ̀pọ̀ olórin nígbà náà ni kò ni ohun èlò tó ń lò. Oníhòtẹ́ẹ̀lì tàbí olówó kan ló ni gìtá, ló ni ìlù, ló ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí olórin bá bínú kúrò, ọwọ́ òfìfo ló máa bá jáde. Ọ̀mọ̀wé Christopher Waterman, ará Amẹ́ríkà, bá àwọn ẹgbẹ́ jùjú Ìbàdàn rìn ní nǹkan bí 1979 sí 1982, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó jáde ní 1990. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ló tẹ̀ lé, àwọn tí orúkọ wọn kò dé Èkó. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí ní ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú ni wọ́n fi ń gbé ayé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ń kó o jọ, òun ló sì ń pín in bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, onílù tó lù láti alẹ́ lè má mú ju owó ọkọ̀ lọ sílé.

Àwọn olórin wa tó kọ̀ láti wà lábẹ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ yẹ ní kíkí. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, àti I.K. Dáìró, ọ̀gá ẹgbẹ́ Blue Spots, da ilé iṣẹ́ àwo STAR Records sílẹ̀. Àwọn olórin ló ni ín, kò sí òyìnbó lórí wọn, kò sí oníṣòwò láàárín. Ní 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá tún kọ́ stúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, stúdíò tó ní ojú 24. Ojú 24, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú ìlú bàbá rẹ̀! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ń pè ní indie, àwọn tí kò fẹ́ wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, tí ilé iṣẹ́ kékeré ń bá tẹ àwo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yangàn jù níbẹ̀ ni Rough Trade ti London, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo ní 1978. Nígbà yẹn, STAR ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Sunny Adé, olórin jùjú, kò gbẹ́yìn: lẹ́yìn tí òun àti àwọn tó ń tẹ àwo rẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́, ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Ìyẹn ló gbà á là nígbà tó yá. Ní 1982, Island Records, ilé iṣẹ́ tó gbé Bob Marley jáde fún ayé, gba Sunny Adé. Martin Meissonnier, ará Faransé, ló jókòó sídìí ẹ̀rọ fún àwo Juju Music, ó sì jẹ́ kí gbohùngbohùn irú ti Jàmáíkà wọ inú jùjú. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Aura ní 1984, ẹ̀rọ tó ń dá lu ìlù ti wà nínú orin náà, Stevie Wonder sì ti bá wọn fọn fèrè ẹnu. Mo máa ń gbọ́ àwo yẹn títí di òní. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé gángan kò sá fún ẹ̀rọ. Ó ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Aura, Island jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó padà sílé, ó bá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ níbi tó fi í sí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

N kò gbọ́dọ̀ fo William Onyeabor ti Enugu. Láàárín 1977 sí 1985, ó ṣe àwọn àwo rẹ̀ ní stúdíò tirẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n lábẹ́ orúkọ Wilfilms, ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun èlò oníná tó ń dún bí ohun tí etí kò gbọ́ rí ló kún inú wọn. Ìgbà tó yá, ó gba ẹ̀sìn Krístì tọkàntọkàn, ó pa orin tì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun nípa rẹ̀ mọ́. Ní 2013, ilé iṣẹ́ àwo Luaka Bop ti New York kó àwọn orin náà jọ sínú àwo kan, àwọn DJ òkè òkun sì dá sí i, wọ́n ń ṣe rímíìsì wọn. Ó kú ní 2017. Gbogbo àwọn DJ yẹn ló mọ orúkọ rẹ̀, torí òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe.

Ṣùgbọ́n onílù tó ń lù lẹ́yìn ẹlòmíràn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí Tony Ọládípọ̀ Allen. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní 1940. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ àwo àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà, Max Roach àti Art Blakey, ó ń wá ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Victor Ọláìyá gbà á sínú ẹgbẹ́ Cool Cats. Igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, àfi ìgbà tí onílù kúrò ló tó bọ́ sídìí ìlù. Ní 1964 ó bá Félá Kútì ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ṣe ẹgbẹ́ Koola Lobitos, wọ́n jọ ṣe Afrika 70. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ onílù ni kí wọ́n máa ka ìgbésẹ̀ fún àwọn yòókù. Tony Allen pín ara rẹ̀ sí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń sọ tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ kan ń béèrè, ọwọ́ kejì ń dáhùn, kò sì sí èyí tó ń pariwo bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ orin Félá kan láti ìgbà Afrika 70, kí ẹ gbé etí kúrò lára fèrè àti ohùn fún ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ ó rí i pé orí ọwọ́ Tony Allen ni gbogbo ilé náà dúró lé.

Ní 1979 ó kúrò lọ́dọ̀ Félá, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ sì wà lára ohun tó fà á. Ó lọ sí London ní 1984, ó sì wá tẹ̀dó sí Paris. Òru ń lọ, ọjọ́ ń lọ, ó ń lu ìlù rẹ̀. Ní 2000, Blur, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn olùfẹ́ indie mọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé orin kan jáde tó ń jẹ́ Music Is My Radar. Nínú orin náà, Damon Albarn, akọrin ẹgbẹ́ náà, pe orúkọ Tony Allen. Ẹ wá wo ohun tí orúkọ yẹn bí. Tony Allen pè é kó wá kọrin nínú àwo tirẹ̀, Home Cooking, tó jáde ní 2002. Albarn náà pè é padà sínú ẹgbẹ́ tuntun kan, àwo wọn, The Good, the Bad & the Queen, sì jáde ní 2007. Bàbá ọmọ Èkó tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló jókòó sídìí ìlù níwájú àwọn ọ̀dọ́ London, gbogbo ìwé ìròyìn orin ibẹ̀ sì ń kọ orúkọ rẹ̀.

Jeff Mills, DJ ará Detroit, tún wá bá a. Ẹ̀rọ ìlù TR-909, tí ilé iṣẹ́ Roland ti Japan gbé jáde ní 1983, ni Mills fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun àti Tony Allen jọ ń lù níwájú èrò, wọ́n sì gbé àwo kan jáde pọ̀ ní 2018, Tomorrow Comes the Harvest. Ẹ̀rọ á lu ohun kan náà títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìṣìnà. Tony Allen kì í lu ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwo yẹn, ẹ ó gbọ́ bí Mills ṣe ń dẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè wá àyè láàárín ọwọ́ bàbá náà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà máa lé onílù kúrò lóde, kó lọ gbọ́ ọ. Tony Allen kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2020.

Ẹ fi wé tiwa. Ìbàràpá fẹ́ràn Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ará Abẹ́òkúta, ìlú tí kò jìnnà sí wa. Onílù rẹ̀ ni Adéwọlé Àlàó, tí wọ́n ń pè ní Onílù-Ọlá. Báwo la ṣe mọ orúkọ yẹn? Àyìnlá fúnra rẹ̀ ló ń pè é láàárín orin. Olórin ìgbà náà kì í fi onílù rẹ̀ pamọ́: á dá orin dúró, á kì í, á ní kó dá òun lóhùn, ìlù á sì fọhùn. Nígbà tí ọmọ kan bá wá gé ohùn Àyìnlá jáde lónìí láti fi ṣe bíìtì, gbólóhùn tó bá ijó mu ló ń wá. Ibi tí olórin ti ń ki onílù kò bá ijó mu, nítorí náà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ nù. Ohùn dé ilé ọtí ní Tápà, ìlù bá a dé, orúkọ onílù nìkan ni kò dé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2013, Victor Ọláìyá, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tún orin rẹ̀ àtijọ́, Baby Jowo, gbé jáde pẹ̀lú akọrin 2Face. Wọn kò lọ gé ohùn bàbá náà nínú àwo ògbólógbòó. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú orin, ó wà nínú fídíò. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò tíì láya nígbà tí Stadium Hotel ń gbóná wá mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọláìyá. Nígbà tó kú ní oṣù Kejì 2020, àwọn ọ̀dọ́ bá wa dárò rẹ̀. Musiliu Hárúnà Ìṣọ̀lá ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ní 2000, nígbà tó fi Soyoyo gbé àpàlà bàbá rẹ̀ padà sí ojú agbo. Ní Èkó lónìí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ The Cavemen ń lu hailáìfù fún àwọn ọmọ tí kò ju ogún ọdún lọ, pẹ̀lú gìtá àti ìlù gidi, èrò sì ń kún inú gbọ̀ngàn.

Ọ̀rọ̀ òru tiwa ńkọ́? N kò lè sọ̀rọ̀ àríyá alẹ́ ní apá ibí kí n ṣe bí ẹni pé n kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2021, nígbà tí àwọn apànìyàn ya wọ Ìgàngán lóru, tí wọ́n dáná sun ilé, tí ẹ̀mí ṣòfò. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ kí ọmọ jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, n kò sì ní bá wọn jà. Ẹ̀yin tẹ ń ṣe àríyá, ẹ jẹ́ kí ilé mọ ibi tẹ ẹ wà, ẹ má jẹ́ kí ọmọbìnrin dá rìn padà, ẹ sì dín ohùn sípíkà kù nígbà tó bá yẹ, torí àwọn aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ wà ní ìtòsí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ orin lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, inú mi ń dùn. Ìlú tí ojora ń mú kì í jó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tẹ ń ṣe bíìtì, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Èrúwà àti Igbó-Ọrà, ẹ fi Barrister sílẹ̀ ná. Àwọn àyàn wà níbí, ẹ kò sì ní láti wá wọn lọ sí Agége. Ẹ lọ bá wọn ní ọ̀sán, kì í ṣe lójú òde tí wọ́n ti ń wá owó oúnjẹ. Ẹ ṣàlàyé ohun tẹ ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ san owó kan kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù tó dára tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ojú ọ̀nà ọ̀kadà. Inú yàrá tí aṣọ àti ẹní wà ń dín gbohùngbohùn kù ju inú gbọ̀ngàn lọ. Bí dùndún bá ni, ẹ gba ìyáàlù sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ gba kẹríkẹrì, kí ẹ gba gúdúgúdú, kí ẹ wá gba gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti ní ojú tiyín bí ti stúdíò, ẹ lè yọ èyí tó wù yín. Ẹ bi onílù pé kí ni ìyáàlù ń sọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹni tó bá gé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ láìmọ ohun tó ń sọ lè gé e sí àárín òwe, kó sì di èébú létí àgbà. Ìlù awo wà tí wọn kì í lù fún ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ní ẹ má gba èyí, ẹ má gbà á.

Òfin wà lẹ́yìn ohun tí mò ń sọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ilẹ̀ wa, ti 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, dáàbò bo ẹni tó ṣe orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún orin bẹ́ẹ̀ tò fún títà gbọ́dọ̀ gba ààyè. Ìlù àti orin ìbílẹ̀, tí kò sí ẹnì kan pàtó tó ṣe é, náà ní ààbò tirẹ̀: ẹni tó bá lò ó fún òwò gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, kó sì sọ ìlú tàbí àwọn èèyàn tó ti mú un wá. Bí orin yín bá dé London, bí DJ kan bá fi lé orí ẹ̀rọ ní Paris, ó yẹ kí "Tápà" wà lára rẹ̀.

Ẹ tún ṣe ìwé ìpín, ìwé tó ń fi hàn ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí orin àti ìpín rẹ̀ nínú owó. Bébà kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ orin, ọjọ́ tẹ ẹ gbà á sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe bíìtì, orúkọ ẹni tó kọrin, orúkọ onílù kọ̀ọ̀kan àti ìlù tó lù, kí ẹ kọ iye tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ àwọn tó lu ohun èlò. Ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Ẹ fún onílù ní ẹ̀dà kan. Bí kò bá mọ̀wé kà, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá níwájú ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀, kó tó tẹ̀ka.